Ta ni ó gé ẹ̀ka kajú mi? Ìbéèrè nípa ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́

Àgbẹ̀ Ìjùmú

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kí gbogbo àgbà tí ó wà ní àwùjọ yìí, mo sì kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bá oko yí ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí.

Mo padà wá sílé ní ẹ̀bá Ìyàrá lẹ́yìn tí bàbá mi di ẹni ilẹ̀, kí oko tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ro má baà di igbó. Apá ìsàlẹ̀ oko náà jẹ́ kọfí tí a kò ká mọ́ láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Apá òkè jẹ́ kajú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ tiwọn, èyí tí ó pọ̀ jù ni èmi fúnra mi gbìn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé oko ní òwúrọ̀, mo sì bá ẹ̀ka kajú mẹ́sàn-án nílẹ̀ lábẹ́ igi mẹ́rin. Ẹ̀ka wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Òmíràn tó ọrùn ọwọ́ mi. Ewé wọn ti gbẹ, wọ́n ti pọ́n, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe òru àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan wò, mo rí i pé a ti fá a yíká bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi: ojú ibi tí a fá náà fẹ̀ ní òde ara, ó sì ń há bí ó ti ń wọ inú lọ, títí tí ohun tí ó kù láàárín kò fi ju ìka ọwọ́ lọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ sì ti ṣẹ́ ẹ. Inú bí mi gidigidi. Mo gbà pé ènìyàn ni ó ṣe é, mo sì ti gbéra láti lọ bá ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà kí ìyá mi tó dá mi dúró.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kàbbà ni ó ní kí n kọ̀wé sí Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Ìyẹn ni ó bí ìbéèrè mi. Kí ni ilé-iṣẹ́ kòkó mọ̀ nípa kajú? Báwo ni a ṣe dá a sílẹ̀, iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ tí owó ìjọba fi ń bọ́ ọ láti ìgbà tí a kò tíì bí mi? Ohun tí ó mú mi bèèrè ni pé ọkùnrin kan tí ó ń ta èhù igi lẹ́bàá títì ta èhù kajú ọgọ́ta fún mi ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó sì búra pé CRIN ni òun ti kó wọn wá. Igi méjì kò so bákan náà nínú wọn. Òmíràn ń so èso ńlá, òmíràn ń so èso wẹ́wẹ́ tí kò sí ẹni tí yóò fi ojú kan rà. N kò fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi ohun tí ọwọ́ wọn kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá Ọ̀wẹ́

Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú oko, Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún bàbá rẹ. Ìyá rẹ ṣeun púpọ̀ tí wọ́n dá ọ dúró, nítorí ẹni tí oko rẹ̀ bá tìrẹ pààlà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kòkòrò ni. Mo ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ ìjọba fún ọdún púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí oko kajú tí kòkòrò yìí gé bí ẹni pé àwọn aláàdá ni wọ́n gba ibẹ̀ kọjá.

Analeptes trifasciata ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ le bí ìkarahun, ọ̀já dúdú àti ọ̀já aláwọ̀ ọsàn sì wà lára rẹ̀, ìwo orí rẹ̀ méjèèjì gùn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Yóò jẹ èèpo ẹ̀ka yíká, yóò jẹ igi abẹ́ èèpo náà pẹ̀lú, títí tí omi kò fi ní lè gòkè mọ́, yóò sì yé ẹyin rẹ̀ sí apá òkè ibi tí ó fá. Inú ẹ̀ka tí ó ń kú ni ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun dàgbà. Nítorí náà, ẹ̀ka mẹ́sàn-án tí o bá nílẹ̀ yẹn kì í ṣe igi ìdáná tí a lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ahéré títí di ìgbà mìíràn. Ilé ọmọ kòkòrò ni wọ́n jẹ́, bí o bá sì fi wọ́n sílẹ̀, àwọn tí yóò ti inú wọn jáde ni yóò gé igi rẹ ní ọdún tí ń bọ̀. Kó gbogbo wọn jọ, títí kan èyí tí ó há sórí igi, kí o sì sun wọ́n ní ojú ilẹ̀ tí o ti ro mọ́, kí o dúró ti iná náà títí tí yóò fi kú, nítorí ọyẹ́ kì í bá oko kajú ṣeré. Wo ara igi àràbà àti igi ìyeyè tí ó bá wà nítòsí pẹ̀lú, nítorí wọ́n jẹ́ igi tí kòkòrò náà fẹ́ràn. Oògùn fífọ́n kò tó kíkó àti sísun, nítorí pé oògùn kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà nínú igi.

Kí o tó lè sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó sun ẹ̀ka, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ka iye ẹ̀ka tí ó ń bọ́ lóṣù lóṣù, kí ó la wọ́n, kí ó wo ohun tí ó wà nínú wọn, kí ó sì mọ ìgbà tí ohun náà ń jáde. Iṣẹ́ sùúrù bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí o ń bèèrè wà fún. Ní ti bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, àrùn ni ó bí i.

Ní 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, pé ọ̀dọ́ ẹ̀ka kòkó ń wú, ewé ń yí àwọ̀ padà, igi náà yóò sì kú láàárín ọdún díẹ̀. Wọ́n dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Tafo ní 1938 nítorí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni A. F. Posnette ti fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn náà, ìyẹn kòkòrò àrùn tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Kòkòrò mìíràn, funfun, tín-ín-tín, bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun sí i lára, ni ó ń gbé e láti igi dé igi bí ó ti ń fa omi ara kòkó mu. Èèrà sì ń sin kòkòrò funfun náà bí Fúlàní ti ń sin màlúù, nítorí omi dídùn tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde, ó tilẹ̀ ń kọ́ àtíbàbà bò ó. Ní 1944, wọ́n sọ ibùdó Tafo di ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WACRI, tí Gold Coast, Nàìjíríà àti Sàró jọ ń ná owó lé lórí, ẹ̀ka ti Nàìjíríà sì wà ní Ìbàdàn. Ọdún yẹn náà ni a rí àrùn ẹ̀ka wíwú nínú oko kòkó lágbègbè Ìbàdàn.

Ohun kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ ní lọ́wọ́ ni kí a gé igi tí ó bá ní àrùn dànù, àti àwọn tí ó yí i ká. Ìmọ̀ wọn kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìjọba amúnisìn gbà ṣe é kò dára rárá. Wọ́n ń gé igi tí ń so lójú ẹni tí ó gbìn ín. Ní Gold Coast, ìbínú àwọn olóko wà lára ohun tí ó fa rúkèrúdò 1948. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Máyégún kó àwọn àgbẹ̀ jọ láti kọ gígé kòkó. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ rìn láti oko dé oko mọ̀ pé àgbẹ̀ kì í kọ òótọ́ tí a bá jókòó ṣàlàyé fún un lórí ẹní. Ohun tí ó ń kọ̀ ni kí àlejò wọ oko rẹ̀ pẹ̀lú àáké, láìkí i.

Nígbà tí Gánà àti Nàìjíríà ti gba òmìnira, wọ́n tú WACRI ká ní 1962. Gánà mú Tafo, àwa náà sì sọ ẹ̀ka tiwa di CRIN ní 1964 lábẹ́ òfin. Orí ilẹ̀ Ìdí-Ayùnrẹ́, lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni oríkò rẹ̀ wà. Kòkó, obì àti kọfí ni a fi lé wọn lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Kajú àti tíì ni a fi kún un lẹ́yìn náà. Orúkọ kòkó kò yí padà, ohun tí ó sì ń rú ọ lójú nìyẹn. Wọ́n ní ibùdó káàkiri: Òwenà ní Òǹdó, Uhonmora ní Ẹdó, Ajassor ní Cross River, Ibeku ní Abia, orí òkè Mambilla fún tíì. Èyí tí ó kan àwa ni Ochaja, nínú ìpínlẹ̀ Kogi wa yìí, ní ilẹ̀ Ígálà. Kajú ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀.

Ní ti èhù tí o rà, jẹ́ kí n sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wa. Òdòdó kajú máa ń gba ìyẹ̀fun láti ara igi mìíràn, nítorí náà hóró tí o bá mú lábẹ́ igi rere kò fi dandan jọ ìyá rẹ̀, bí ọmọ ènìyàn kì í ti í jọ ìyá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí igi jọ ìyá rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ gé ọ̀dọ́ ẹ̀ka lára ìyá náà, kí ó fi ọ̀bẹ mímú ṣá a ní ṣóńṣó, kí ó tì í bọ inú èhù kékeré tí a là lórí, kí ó sì fi ọ̀rá dì í títí tí méjèèjì yóò fi lẹ̀ pọ̀. Àpá rẹ̀ kì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Bí o bá tún fẹ́ ra èhù, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí orí ilẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá dán láìsí àpá, hóró ni wọ́n gbìn, ẹni tí ó ń tà á ìbáà búra títí di alẹ́.

Ìyá Oníkajú, Ìsánlú

Bàbá, ẹ ṣeun. Àlàyé yín yé mi ju gbogbo ìpàdé tí mo ti jókòó sí lọ. Ọjà kajú ni mo ń ṣe, mo ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Yàgbà, mo sì ń kó o lọ fún àwọn tí ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Ọmọ wa Ìjùmú, ohun tí Bàbá sọ nípa igi tí kò jọra ni ó ń pa wá lówó. Oníbàárà kì í fi ojú inú ra kajú. Yóò bu kílò kan láti inú àwọn àpò, yóò ka iye hóró tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí bí hóró bá ṣe tóbi tó ni iye rẹ̀ yóò ṣe kéré tó. Lẹ́yìn náà ni yóò là wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ya èyí tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó rọ, èyí tí ó bu, èyí tí ó dúdú, yóò wọ̀n wọ́n, yóò sì ṣírò iye pọ́ùn ojúlówó hóró tí àpò 80 kílò lè mú jáde. Nọ́ńbà yẹn ni iye owó dúró lé lórí. Ní ọdún kan, wọ́n dá gbogbo ẹrù mi padà fún mi nítorí pé kò gbẹ dáadáa; mo sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà mi ò gba kajú tí kò bá ró gbanrangbanran nínú àpò nígbà tí mo bá gbọ̀n ọ́n.

Àwa obìnrin tí a ń là á nílé náà ní ìṣòro tiwa. Epo tí ó wà nínú èèpo kajú ń bó ọwọ́ bí omi gbígbóná. Ọwọ́ ọ̀tún àǹtí mi kò ní àwọ̀ kan mọ́. Ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìwádìí yín bóyá wọ́n lè wá kọ́ wa ní bí a ti ń sè é tàbí yan án kí a tó là á láìjẹ́ pé a ń jóná, nítorí Ochaja tí ẹ dárúkọ yẹn, ó wà ní òdìkejì Ọya, òṣìṣẹ́ wọn kan kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Olùkọ́ Bàyọ́lọ́jì, Ẹ̀gbẹ̀

Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kún un nípa kọfí tí àbúrò wa sọ pé ó ti di igbó, nítorí ó dùn mí pé kò sí ẹni tí ó tíì mẹ́nu kàn án.

Àbúrò, má ṣe tu kọfí bàbá rẹ dànù. Kọfí Robusta ni ó pọ̀ ní agbègbè Ìjùmú àti Kàbbà. Àwọn onímọ̀ CRIN sì ti kó oríṣiríṣi rẹ̀ jọ láti ọjọ́ pípẹ́, bíi Quillou àti Niaouli, wọ́n gbìn ín ní ìlà ní ìlà láti fi wé ara wọn. Kì í ṣe igi ni ó kùnà lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ọjà ni. Ìjọba fagi lé àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ra irè oko ní 1986, nígbà tí ó sì di 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń mú iye owó kọfí dúró lágbàáyé forí ṣánpọ́n, owó rẹ̀ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì kẹ̀yìn sí i. Mo rántí àpò kọfí tí ó wà ní igun yàrá bàbá mi àgbà tí kò sí ẹni tí ó wá bèèrè rẹ̀ títí tí èkúté fi lu àpò náà.

Igi kọfí tí ó ti gbó lè padà di ọ̀dọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, fi ayùn gé e ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀, kí o gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi òjò má baà dúró lórí kùkùté náà kí ó sì rà á. Èhù púpọ̀ yóò yọ. Yan méjì tàbí mẹ́ta tí ó lágbára, kí o sì ré àwọn yòókù kúrò. Má gé gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà. Má sì ṣe dá oríṣi kan ṣoṣo sí, nítorí òdòdó Robusta kò lè gba ìyẹ̀fun ara rẹ̀, ó nílò igi mìíràn tí kì í ṣe ìbejì rẹ̀. Obì náà ní irú ìwà yìí, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe ìwádìí lé lórí gan-an ní Ìdí-Ayùnrẹ́: ọ̀pọ̀ igi obì tí àwọn ènìyàn ń pè ní akọ, tí wọ́n tilẹ̀ ń dáná sí nídìí kí ó lè so, kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan ju pé kò sí igi mìíràn tí ó bá a mu nítòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà tó yóò rántí gàmalín. Oògùn tí a ń fọ́n sí kòkó nítorí kòkòrò tí ń fa omi ara rẹ̀ ni, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n àwọn aláìláàánú bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú odò láti fi pa ẹja, àwọn ènìyàn sì ń jẹ ẹja náà. Lindane tí ó wà nínú rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ tàbí nínú ara. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi lindane sí ara májèlé tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú kúrò lọ́jà. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹsàn-án 2008, òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù lórí ìwọ̀n oògùn tí ó lè kù lára oúnjẹ, kòkó tí ó bá sì kọjá ìwọ̀n náà kò ní wọlé. CRIN ni ó ń dán oògùn wò kí ó tó di pé a sọ fún olóko kòkó pé kí ó rà á. Ní tèmi, iṣẹ́ yìí nìkan tó láti fi dáhùn ìbéèrè rẹ nípa owó ìjọba. Ẹni tí ń ta oògùn lọ́jà kò lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún wa pé ó dára.

Bàbá Ọ̀wẹ́

Olùkọ́, òdodo ni o sọ. Ìyá Oníkajú, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ni ẹ jàre. Mo wà nídìí iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ pé ìmọ̀ pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà ju èyí tí ó ń jáde lọ. Láti ìgbà WACRI ni wọ́n ti mú irú kòkó tuntun wá. Ní 1944 ni Posnette kó àwọn igi tí ìran wọn ti òkè odò Amásónì wá, láti Trinidad sí Tafo, ara wọn ni wọ́n sì ti bí kòkó tí ń tètè so tí a mọ̀ lónìí, títí dé àwọn tí CRIN fúnra rẹ̀ ṣe, TC1 dé TC8. Àgbẹ̀ Òǹdó àti Ọ̀ṣun mọ̀ wọ́n. Ní ìhà tiwa ńkọ́? Ẹni tí ó wà láàárín ilé ìwádìí àti oko ni kò tó: òṣìṣẹ́ tí yóò gun alùpùpù wá, tí yóò wọ abẹ́ igi, tí yóò fi ọwọ́ tirẹ̀ la ẹ̀ka. Nígbà tí àwa fẹ̀yìn tì, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò ọ̀pọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ̀wé ní orúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kì í ṣe ní orúkọ ẹnì kan. Lẹ́tà tí ó bá ti ọwọ́ ogójì olóko wá máa ń rí ẹni kà á.

Àgbẹ̀ Ìjùmú

Bàbá mi, ìyá mi, olùkọ́ wa, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín.

Mo lọ sí oko ní àná pẹ̀lú àbúrò mi. A rí ẹ̀ka mẹ́rìnlá mìíràn tí ó há sórí igi tí ojú mi kò tó tẹ́lẹ̀. Kí a tó dáná sun wọ́n, mo la ọ̀kan pẹ̀lú àdá láti fi ojú ara mi rí i. Ọmọ náà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó funfun bí àkàmù, kò ní ẹsẹ̀, orí rẹ̀ dúdú díẹ̀, lẹ́bùlẹ́bú igi sì kún ọ̀nà tí ó ti jẹ wọlé. Ìyá mi bá wa dúró ti iná náà títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí oko ẹni tí a jọ pààlà, mo sì fi ohun tí mo rí hàn án. Òun náà ti ń rí ẹ̀ka nílẹ̀, ọmọ mi àgbà ni ó fura sí.

Mo ti wo ìdí gbogbo ọgọ́ta èhù tí mo rà. Kò sí àpá lára ẹyọ kan.

Mo fẹ́ lọ sí Ochaja ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, mo máa gba Ajaòkúta kọjá afárá sí Ítóbè. Mo ń mú ẹ̀ka méjì tí mo dá sí nínú garawa onídèérí dání, mo sì ti kọ ìbéèrè Ìyá nípa epo èèpo kajú sí orí ìwé mi. Ààyè ènìyàn mẹ́ta ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Ìyá, bí ẹ bá lè dé Kàbbà ní aago méje àárọ̀, iwájú ni kí ẹ jókòó sí.